Éèje Onígbànú

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ ara wọn: owú ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ariwo ló ń dí Ìyá Ìdákẹ́jẹ́ lọ́wọ́, irọ́ ló ń pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ń sọ kiri nìyẹn. Owú ni. Owú gidi, irú èyí tó máa ń bá èèyàn jí láàárọ̀, tí á bá a fọ eyín, tí á sì tẹ̀ lé e dé ibi iṣẹ́.

Tíṣà kíláàsì kẹta ni. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ nìyẹn nínú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìdákẹ́jẹ́, torí tí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ ní kíláàsì rẹ̀, gbogbo ogójì ọmọ ló máa gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí orúkọ yẹn, á ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè mú ogójì ẹnu dákẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ náà tún wá dára. Tó bá ń kọ́ wọn ní òǹkà, tó dé orí éèje, á kọ ọ́ tán, á wá fa ìlà kékeré kan sí i láàárín, ìlà tí etí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Á ní, "Ẹ dì í nígbànú o, kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà já sílẹ̀." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni òfin kíláàsì náà fàyè gbà.

Tí àwọn ọmọ bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn kì í pẹ́ tú ìgbànú éèje sọnù, torí kò sí tíṣà míì tó ń dì í nílé-ìwé náà. Ẹnì kan péré ni kò tú tiẹ̀, ìyẹn sì ni ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì ti dàgbà kúrò nílé, bàbá wọn sì ń wakọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, á lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yọjú. Ìyá àti ọmọ ló kù tí wọ́n ń wo ojú ara wọn. Lọ́dún tó kọjá, kíláàsì ìyá rẹ̀ ló wà, àwọn ìlọ́po ìṣirò sì kọ̀, kò wọ orí rẹ̀. Ìyá kọ́ ọ nílé-ìwé, ó tún kọ́ ọ nílé. Ó bẹ̀ ẹ́, ó jágbe mọ́ ọn, ó tún bẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá dé orí ìlọ́po méje báyìí, ojú ọmọ á kún fún omi, á máa wo àjà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èyí tó wà nílé wá kọ̀, kò dán. Síbẹ̀, ìyá ò sọ̀rètí nù. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé yìí ni kí ọmọ yẹn gbójú sókè lọ́jọ́ kan, kó wò ó bí ọmọ ṣe ń wo ẹni tó la ojú rẹ̀.

Ó gbójú sókè lóòótọ́. Ẹlòmíì ló wò.

Ọmọge kan ni tíṣà kíláàsì kẹrin, kò tíì pé ọdún méjì tó jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bàtà kánfáàsì ló máa ń wọ̀ wá síṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ló ti ti gbogbo tábìlì mọ́ ara ògiri, tí àárín yàrá ṣófo gbayawu. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní ọmọ tó bá jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ìdí rẹ̀ nìkan ló ń kàwé. Bí wọ́n bá ń pe lẹ́tà, lẹ́tà tó ga, àwọn ọmọ á nà tàntàn, èyí tó kúrú, wọ́n á lóṣòó. Tó bá sọ gbólóhùn kan, ẹni tó bá gbà pé òótọ́ ni á fi ẹsẹ̀ kan dúró, ẹni tó bá ní irọ́ ni á jókòó sílẹ̀. Fún ìṣirò, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa àpótí méjìlá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kọ òǹkà sínú ìkọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á wá máa fi ẹsẹ̀ kan fò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa pe ìlọ́po bí wọ́n ṣe ń fò.

Pákó lásán ló sì wà láàárín kíláàsì kẹta àti ìkẹrin. Gbì! Gbì! Gbì! Ìyá Ìdákẹ́jẹ́ á wà nídìí pátákó, á pa ohun tó kọ rẹ́, á tún un kọ.

"Tíṣà Fò-sókè ti bẹ̀rẹ̀," á sọ fún àwọn tíṣà tó kù nígbà ìsinmi, á fi eyín rẹ́rìn-ín. "Ṣé ilé-ìwé lèyí àbí pápá ìṣeré?"

Ó rò pé wọ́n á bá òun rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ yẹn mà ń mọ ìwé o, Ìyá wa."

Nílé ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀ mọ nǹkan kan. Àbíkẹ́yìn á máa fọ abọ́, á máa fò láti orí táìlì ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíì: "Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá! Méje lọ́nà mẹ́ta, mọ́kànlélógún!" Ìlọ́po méje kan náà tó fi odidi ọdún kan kọ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi gbé e mì. Ṣé kò yẹ kí inú ìyá dùn? Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ń dun ọkàn rẹ̀ ni, ó ń tà á gan-an, ojú sì ń tì í pé ó ń dun òun.

"Mọ́mì, tíṣà wa ní tí a bá jí, ká kọ́kọ́ na apá wa."

"Ó dáa."

"Mọ́mì, tíṣà wa ní kò sí ìbéèrè tó burú."

"Mo gbọ́."

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé tíṣà wa lè fi ẹsẹ̀ kan dúró kí wọ́n ka ìlọ́po mẹ́sàn-án tán?"

"Ṣé lékèélékèé ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́ẹ̀ ṣubú. Ó di ọjọ́ kejì, ó lọ sọ fún tíṣà rẹ̀ pé Mọ́mì òun ní lékèélékèé ni wọ́n. Tíṣà náà wá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kẹta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Lékèélékèé yín ló wá kí yín o." Kò bínú rárá. Ìyẹn gan-an ló tún wá bí Ìyá Ìdákẹ́jẹ́ nínú jù. Kí ló dé tí kò bínú?

Ó gbìyànjú tiẹ̀ náà, ẹ má ṣe rò pé kò gbìyànjú. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó dojú kọ kíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde!" Wọ́n dìde. "Ẹ jókòó!" Wọ́n jókòó. "Ẹ dìde! Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè!" Ogójì ọmọ gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ọmọbìnrin kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí la ṣe? Ẹ dárí jì wá." Ìyà ni wọ́n rò pé ó fi ń jẹ wọ́n. Ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣí ìwé wọn, kò sì tún dán an wò mọ́.

Ló bá gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ.

"Sà, ariwo yẹn ti pọ̀ jù. Pákó yẹn máa wó lu àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ kan."

Ọ̀gá àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ìyá wa, ẹ̀yin náà ẹ lọ wò ó ná. Wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́bọ̀. Tó bá wù wọ́n, wọ́n á ní kó máa lọ kọ́ àwọn tíṣà ilé-ìwé míì."

Kó lọ kọ́ àwọn tíṣà! Ọdún mọ́kànlélógún, ẹnikẹ́ni ò wá wo Ìyá Ìdákẹ́jẹ́ rí, àfi ìgbà tí òrùlé ń jò.

Òun ló ni ọ̀sẹ̀ yẹn láti máa ti àwọn kíláàsì. Lọ́sàn-án ọjọ́rú, nígbà tí Àbíkẹ́yìn ti bá àwọn ọmọ àdúgbò lọ sílé, ó mú ìdì kọ́kọ́rọ́, ó ń ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ó dé kíláàsì kẹrin. Ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní, wọ́n ti fi ìwé ìròyìn bo àárín yàrá kí ẹsẹ̀ má baà pa ṣọ́ọ̀kì rẹ́. Ó ká a kúrò. Àpótí méjìlá rèé, ìlọ́po méje, láti orí 7 títí dé 84. Éèje ọmọge náà rí ṣákálá, kò sí ìgbànú, kò sí nǹkan kan.

Ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó fò. Méje. Eékún rẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀. Mẹ́rìnlá. Mọ́kànlélógún. Ẹ wò ó, àṣé ó dùn! Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, ìyá àgbàlagbà. Ní méjìdínlọ́gbọ̀n ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fọwọ́ ti ògiri kó má baà ṣubú.

Àwòrán àwọn ọmọ ló wà lára ògiri tó fọwọ́ tì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀: Ẹni tí mo fẹ́ jọ tí mo bá dàgbà. Ọmọ kan ya nọ́ọ̀sì. Ọmọ kan ya awakọ̀. Ó wá ti Àbíkẹ́yìn, ó rí i. Obìnrin kan ló yà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wọ bàtà kánfáàsì.

Ó wo bàtà yẹn pẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi gbé ọmọ yìí sínú. Òun ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Ta ló ń jí ṣe irun fún un? Ta ló jókòó tì í nígbà tí ibà mú un fún ọjọ́ mẹ́rin? Ẹlòmíì wá fo sókè fo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó gba ọmọ lọ.

Nígbà tó máa fi mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó tu itọ́ sí ankaṣífù, ó pa ẹ́ẹ̀fà inú 56 rẹ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sọ ọ́ di 57. Kí àwọn alábẹ̀wò rí i! Kí wọ́n rí tíṣà ńlá tí kò mọ ìlọ́po méje! Ó fi ìwé ìròyìn bò ó padà, ó ti ilẹ̀kùn, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọ̀gá àgbà, ó lọ sílé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ẹ gbọ́ mi? Pẹ̀sẹ̀.

Wọ́n jẹun alẹ́ tán, Àbíkẹ́yìn ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì, ló bá ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Tíṣà ní kí n má sọ fún yín, wọ́n ní ká fi yà yín lẹ́nu ni. Mi ò wá lè pa á mọ́ra mọ́." Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Èmi ni máa fo ìlọ́po méje níwájú àwọn àlejò lọ́la! Èmi nìkan! Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní méje, torí ẹ̀yin. Wọ́n á pè yín kẹ́ẹ wá wò mí."

Ojú ìyá bọ́ sórí ìwé ọmọ náà, àwọn éèje rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ níbẹ̀, gbogbo wọn di ìgbànú, etí ìgbànú gbé sókè díẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rántí ọwọ́ ara rẹ̀. Yé! Ó ti di éèje ilẹ̀ yẹn nígbànú. Ọwọ́ tó ti ń dì í láti ọdún mọ́kànlélógún ò dúró béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo kíláàsì kẹrin, ọmọ kan ṣoṣo ló ń kọ éèje bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, Àbíkẹ́yìn ni wọ́n máa bi.

Àwọn àgbà ní bó o bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn. Obìnrin yìí gbẹ́ tiẹ̀ tán, ọmọ rẹ̀ ló ń sáré bọ̀ wá kó sí i.

Láàárọ̀, pọ́dà ló fi pa ojú, àárẹ̀ sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Ó sáré dé ilé-ìwé kí aago tó lù, ó mú ankaṣífù àti ṣọ́ọ̀kì dání. Ọ̀gá àgbà ti ṣáájú rẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò ti dé, wọ́n ti jókòó sí kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ ti tò sára ògiri.

"Ìyá wa!" Ọ̀gá àgbà na ọwọ́ sí àga kan níwájú pátápátá. "Ìjókòó yín rèé, ẹ wá wo ọmọ yín."

Ó jókòó. Tíṣà kíláàsì kẹrin ká ìwé ìròyìn kúrò láti apá ìsàlẹ̀ lọ, kò wo ilẹ̀, àwọn àlejò ló ń wò, ó ń ṣàlàyé pé ohun tí ẹsẹ̀ bá mọ̀, orí kì í gbàgbé. Àbíkẹ́yìn bọ́ síwájú, ó ti bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ búlúù nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún un, ó gbé ẹsẹ̀ kan.

"Méje! Mẹ́rìnlá! Mọ́kànlélógún!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mọ́kàndínláàádọ́ta!"

Ó dúró.

Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń wo àpótí tó kàn. Ó wo òǹkà yẹn, ó tún un wò. Ìyá rẹ̀ rí i tí ojú ọmọ náà dúró sórí ìgbànú yẹn, tí ó tọ̀ ọ́ láti ìdí dé etí tó gbé sókè. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè. Ó wo ìyá rẹ̀ tààrà. Kò wo ẹlòmíì.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!" ló pariwo, ó fò, ó balẹ̀ sórí éèje náà gan-an, ó sì yí gìgísẹ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. "Mẹ́tàlélọ́gọ́ta!" Ó ń bá a lọ títí ó fi dé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Àtẹ́wọ́ sọ.

Alábẹ̀wò obìnrin béèrè pé, "Ọmọ mi, kí ló dá ẹ dúró láàárín?"

"Ẹsẹ̀ ló fẹ́ yọ̀ mí, mà."

Tíṣà rẹ̀ wo ilẹ̀. Àárùn-ún nìkan ló kù níbẹ̀, àti eruku ṣọ́ọ̀kì tó fọ́n ká. "Áà, ó jọ pé èmi ni mi ò kọ ọ́ délẹ̀ lánàá," ló wí, ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ́ẹ̀fà sí i. Ó wá yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ bá mi kí màmá rẹ̀. Àwọn ló kọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Orí ìpìlẹ̀ wọn ni mò ń fò."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìdákẹ́jẹ́ dìde, ó tẹríba, ó dúpẹ́. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu.

Àbíkẹ́yìn kì í fi ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá ń lọ sílé. Lọ́jọ́ yẹn, báàgì ló fi ọwọ́ méjèèjì gbá mọ́ àyà. Wọ́n délé, ìyá ní kó mú ìbọ̀sẹ̀ yẹn wá kí òun fọ̀ ọ́. Ó ti fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ti sá a.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ti ìwé sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó bá òun máàkì í, bó ṣe máa ń ṣe. Ìlọ́po méje ni, ìbéèrè méjìlá. Ìyá mú bírò pupa. Ó máàkì ìkíní, ó máàkì ìkejì, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

"Ìgbànú wọn dà?"

"Mo ti tú u."

"Kí ló dé?"

Ọmọ náà ń yí pẹ́ńsù rẹ̀ po. Kò bínú. Ká ní ó tiẹ̀ bínú ni, ìyá ì bá mọ ohun tí yóò ṣe.

"Mi ò fẹ́ máa kọ̀wé bíi tiyín mọ́, Mọ́mì."

Ìyá tẹ orí ba. Ó ń máàkì lọ. Ìkẹta tọ̀nà. Ìkẹrin tọ̀nà. Ó wá ibi tí òun ti lè rí àṣìṣe kan, kékeré báyìí, èyí tí ìyá lè jókòó kó fi kọ́ ọmọ. Kò sí. Ó kọ méjìlá nínú méjìlá sísàlẹ̀.

"Tíṣà ń sọ pé àwọn ni àwọn ṣe àṣìṣe," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

Ó dúró kí ìyá rẹ̀ dáhùn. Yàrá náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìdákẹ́jẹ́ tí obìnrin yìí ti fi yangàn láti ọdún mọ́kànlélógún. Tí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ níbẹ̀, ẹ̀ bá gbọ́ ọ. Ọmọ náà dúró títí, ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ tán, ó tún un kà. Nígbà tó yá, ó kó ìwé rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀, ó lọ sùn.